Délé Ọmọ Mi, Ẹni Etí Pápá

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, tí mo lè gun òkè láìdúró mí, ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ yìí ṣẹlẹ̀. Fúnmi, ṣé fóònù yẹn ti ń gba ohùn mi? Sún un mọ́ mi díẹ̀. Táyọ̀, ìwọ náà wá jókòó, má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ìyá tó bí ìyá yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ rí fọ́tò tó wà lára ògiri yẹn. Ti àárín. Ìyá yín tó di dókítà ló wà lápá ọ̀tún, tó wọ aṣọ gbọọrọ tí wọ́n fi ń gboyè. Àbúrò rẹ̀ tó di lọ́yà ló wà lápá òsì, òun náà wọ tirẹ̀. Àárín ni Délé wà, àkọ́bí mi, bọ̀ọ̀dá wọn. Ẹrẹ̀ dé ẹnu rẹ̀. Eyín iwájú kan ti yọ. Bọ́ọ̀lù wà ní abíyá rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ẹbí bàbá yín àgbà wá kí mi. Ọ̀kan nínú wọn, mi ò ní dárúkọ, wò ó títí, ó ní, "Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ ò bá gbé èyí wọ yàrá. Àwọn tó kàwé ló yẹ kí àlejò máa rí ní pálọ̀." Mo ní kó mu omi tí mo gbé fún un. Mo ní fọ́tò yẹn ò lọ síbì kankan. Tí mo bá kú, kí wọ́n wá yọ ọ́, bí ọwọ́ wọn bá tó o.

Ẹ gbọ́, kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Ó ti pẹ́. Ọmọ náà ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ tí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Bàbá yín àgbà ló kọ́kọ́ gòkè òkun. Láti Òmù-Àrán níbí ló ti lọ, ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Èmi wá tẹ̀ lé e, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì fi iṣẹ́ agbẹ̀bí kún un. Ìlú kékeré kan la wà, lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú àwọn tó ń wa èédú nínú ilẹ̀. Òtútù, òjò, èéfín. Ilé wọn so mọ́ra bí eyín àgbàdo. Àwa nìkan ni dúdú ní gbogbo òpópónà yẹn. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn kiri láti lọ gbẹ̀bí, torí ilé ni ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń bímọ nígbà yẹn. Ẹ̀yin tòní, ẹ ó ní Màmá àgbà gun kẹ̀kẹ́? Mo gùn ún. Nínú yìnyín ni mo gùn ún.

Ibẹ̀ ni mo bí Délé sí. Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n rìn. Láti ìgbà tó ti dìde dúró ló ti ń sáré.

Ọkùnrin kan wà tó ń gbé ní ilé kejì sí tiwa, Bàbá Fránkì là ń pè é. Ó ti wa èédú títí èédú fi ba àyà rẹ̀ jẹ́, tó bá sọ̀rọ̀ díẹ̀ á húkọ́. Lọ́jọ́ kan ó kanlẹ̀kùn wa.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, mo rí ọmọ yín tó ń lé bọ́ọ̀sì láàárọ̀."

Mo ní, "Kò tètè jí ni. Ẹ má bínú."

Ó ní, "Ó bá bọ́ọ̀sì náà."

Mo ní, "Ó bá a?"

Ó ní, "Ó bá a, ó fi í sílẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ dúró dè é ní ibùdókọ̀ tó kàn. Ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi ní Sátidé."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Táyọ̀, mo mọ̀ pé o máa ń wo bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Èyí yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn gùn bí ìbẹ́pẹ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Ènìyàn mẹ́tàlá lápá kan, mẹ́tàlá lápá kejì. Wọ́n á gbá ọ mú, wọ́n á dà ọ́ lulẹ̀, wàá dìde. Tí wọ́n bá ti da ẹgbẹ́ yín lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ẹ̀yìn ìlà wọn tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ti jẹ nìyẹn. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé èèwọ̀ ni kéèyàn fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń jù ú sí, iwájú ni wọ́n ń sá lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fi gbá a síwájú. Irú rẹ̀ kan tún wà tí àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ń ṣe. Èyí kì í ṣe tiwọn. Ti àwọn awakùsà ni, ti àwọn tó ń fi apá jẹun.

Délé, ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n fi í sí, níbi ìparí lọ́hùn-ún, nítosí àwọn èrò. Ẹni etí pápá. Wọ́n lè pẹ́ kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù kàn án. Tó bá wá kàn án, kó sáré. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kì í ṣe òpè nínú ìwé o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ó yege, wọ́n sì gbà á ní yunifásítì pé kó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà. Inú bàbá yín àgbà dùn, ó ń dá rìn kiri pálọ̀, ó ń dá rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ sí i ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ eléré ìlú wa wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí Délé wá máa ṣeré fún àwọn, àwọn á máa sanwó fún un bí òṣìṣẹ́. Bàbá yín àgbà ò pariwo. Kì í pariwo. Ó kàn sọ pé, "Mi ò sọdá òkun kí ọmọ mi lè wá máa yí nínú ẹrẹ̀."

Nígbà yẹn kò sí fóònù bíi tiyín yìí. Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń bá ará ilé sọ̀rọ̀. Wàá gba ohùn rẹ sínú rẹ̀, wàá fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Àwọn náà á gba tiwọn, wọ́n á fi ránṣẹ́ padà. Bàbá yín àgbà gba ohùn rẹ̀, ó fẹjọ́ sun ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bàbá Tíṣà là ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn, ọ̀gá ilé ìwé ni, òun ni olórí ẹbí. Ó ti kú tipẹ́, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n tó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti parí. Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè kan la jókòó gbọ́ èsì rẹ̀. Èmi, bàbá yín àgbà, àti Délé tó jókòó sórí àtẹ̀gùn. A kọ́kọ́ gbọ́ tí àkùkọ ń kọ. A gbọ́ tí ẹnì kan ń gúnyán. Mo ń gbọ́ ọ, omi lé sójú mi, torí mo mọ àgbàlá yẹn. Bàbá Tíṣà wá húkọ́ díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹbí ti jókòó. Nínú ilé tiwa, a ò rí ẹni tó ń fi eré sísá jẹun rí. Ẹṣin ló ń sáré fún ènìyàn. Ènìyàn kì í sáré fún ènìyàn. Kí Délé lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Bí kò bá gbọ́, kó má lo orúkọ ilé wa níbi ìranù yẹn."

A tún gbọ́ tí nǹkan ń dún gbàrà gbàrà. Ìyá ọkọ mi ló ń gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Èsìẹ́ ni ìyá yẹn, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ gbé e fún mi. Ibo ni n ó máa kọ ẹnu sí? Ibí? Délé, Àlàó, ìyá bàbá rẹ nìyí. Ṣé wọ́n ń fún ọ lóńjẹ? Wọ́n ní o ń sáré. Bàbá bàbá rẹ, ẹsẹ̀ ló fi ń lọ Òkè-Onígbìn lọ ra iṣu, á sì dé kí ọbẹ̀ tó jinná. Wọn ò fún ẹ ní ẹsẹ̀ yẹn lọ́hùn-ún o. Ilé lo ti gbé e lọ." Bàbá Tíṣà ní, "Ìyá, ó tó." Ẹ̀rọ náà sì kú.

Bàbá yín àgbà wojú mi. Mi ò wo tirẹ̀. Délé ni mo wò. Mo ní, "Kí ni o fẹ́?"

Ó ní, "Màámi, mo fẹ́ ṣeré. Mo lè kàwé tí mo bá dàgbà. Mi ò lè sáré tí mo bá dàgbà."

Ẹ dà á rò. Ṣé ó parọ́?

Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Mo kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé Bàbá Tíṣà wà níwájú mi, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni. Mo ní, "Bàbá Tíṣà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Délé máa ṣeré. Orúkọ ilé yín ló sì máa jẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ wà níbẹ̀ tí a ń wá orúkọ fún un. Orúkọ kì í ṣe aṣọ tí à ń bọ́ lọ́rùn ọmọ torí kò jókòó síbi tí a fẹ́." Bàbá yín àgbà dìde, ó wọ yàrá lọ. Ó pẹ́ kó tó bá mi sọ̀rọ̀ tó gbádùn. Mo ń se oúnjẹ, mo ń gbé e fún un, mo ń lọ síbi iṣẹ́ mi. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Délé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń kéde orúkọ àwọn eléré lórí pápá máa ń pe orúkọ ilé wa bí ẹni tó fi ẹran gbígbóná sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó pè é.

Ẹ wá gbọ́ o. Àwọn tó wà láàárín pápá, ariwo ni wọ́n ń gbọ́. Ẹni etí pápá, ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn èrò sún mọ́ ọn débi pé wọ́n lè fọwọ́ kàn án. Ìlú kan wà tó fẹ̀gbẹ́ kan tiwa, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ lọ wò ó. Mo wọ ìró àti bùbá mi, mo wé gèlè, mo gbé kóòtù lé e, mo lọ dúró lẹ́bàá irin tí wọ́n fi yí pápá ká. Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rí gìrìwò, ojú rẹ̀ pọ́n. Gbogbo ìgbà tí Délé bá kọjá, á máa han bí ọ̀bọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ pápá. Délé fi ẹsẹ̀ tì í jáde, ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo wo ọkùnrin yẹn dáadáa. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Ìyàwó rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Kí ló kàn ẹ́ nínú ìyàwó mi?"

Mo ní, "Ọmọ yẹn ńkọ́, èyí tó gbé ìdí síwájú, tí a bá fà á títí ilẹ̀ fi mọ́? Ṣé ó ti ń rìn?"

Ó wá wojú mi. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ló kọ́kọ́ kan ọmọ rẹ láyé, kí ọwọ́ tìrẹ tó kàn án. Ọmọ tèmi ló wà lórí pápá yẹn. Máa han lọ. Ibí ni mo dúró sí, mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa."

Kò han mọ́. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó di í mú. Mi ò sọ fún yín pé gbogbo wọn dákẹ́ o. Wọn ò dákẹ́. Ó pẹ́ gan-an kí irú ìyẹn tó dínkù, kò sì tíì tán dòní. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ibi tí Délé bá wà ni mò ń dúró sí. Tí wọ́n bá ti ṣeré dé ìdajì, tí wọ́n pààrọ̀ apá, èmi náà á yí pápá po, n ó lọ sí apá kejì. Àwọn èrò mọ gèlè mi. Wọ́n á ní, ìyá rẹ̀ ti ń bọ̀, ẹ sún. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe ń yí pápá po, mo rí bàbá yín àgbà láàárín èrò. Ó ti sọ fún mi pé ilé ìkàwé lòun ń lọ. Ó fa fìlà rẹ̀ bo ojú. Mo kọjá bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó délé, mo bi í bóyá ìwé tó kà dùn. Ó ní ó dùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ìjà sì parí.

Délé ṣe é dáadáa. Ọdún dé ọdún. Wọ́n mú un pé kó wá ṣeré fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ aṣọ wọn. Ẹgbẹ́ ìlú wa wá dé àṣekágbá ìdíje tó ga jù, ní pápá ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá wo ayé. Bàbá Tíṣà rán kásẹ́ẹ̀tì wá. Ó ní, "Ọmọ wa." Ó ní òun ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ ti gbàdúrà. Mo ní ó dáa, mo dúpẹ́.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó kù díẹ̀ kí eré parí, ẹgbẹ́ tiwa ló ṣíwájú. Àwọn yẹn gbá bọ́ọ̀lù sókè réré, ó ń bọ̀ wálẹ̀ sórí Délé. Gbogbo wa ń wò ó. Ó na ọwọ́. Bọ́ọ̀lù bà á láyà, ó yọ̀, ó jábọ́. Ọ̀kan nínú wọn he é, ó sì jẹ. Ẹgbẹ́ tiwa pàdánù. Délé kúnlẹ̀ síbẹ̀ nínú òjò, kò dìde.

Ìlú yẹn ò dárí jì í. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dákẹ́. Àwọn ọmọdé á ju nǹkan sí ara wọn ní iwájú ilé wa, wọ́n á jẹ́ kó jábọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá Tíṣà dé. Kò pe ọmọ náà ní ọmọ wa mọ́. Ó ní, "A ti wí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì odindi, ọ̀rọ̀ mẹ́ta.

Ẹni tó ń kọ́ wọn pe Délé. Ó ní kó sinmi díẹ̀, kó má tíì jáde, títí àwọn èèyàn á fi gbàgbé. Délé ní, "Tí mo bá fara pamọ́, wọn ò ní gbàgbé. Wọ́n á kàn máa rántí láìrí mi." Ó ní ibi tòun lòun máa dúró sí.

Ìgbà tí ọdún eré tuntun bẹ̀rẹ̀, ó jáde. Èmi àti Bàbá Fránkì la jọ lọ. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni bàbá náà fi ń rìn nígbà yẹn, tó bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta á dúró mí. Àwọn tí wọ́n bá ẹgbẹ́ tiwa ṣeré lọ́jọ́ náà ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n gbá a sókè, wọ́n gbá a sí Délé. Ó mú un. Wọ́n dà á lulẹ̀. Ó dìde. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, ẹ dúró ná. Wọ́n tún gbá a sókè sí i. Ó mú un. Wọ́n tún dà á lulẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń bọ́ nímú rẹ̀. Ó dìde. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, odindi ọ̀sán yẹn, òun ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí. Kò sí ẹlòmíì lórí pápá fún wọn. Èmi dúró bí ère òkúta Èsìẹ́, mi ò mira, mi ò gbàdúrà sókè. Kò jẹ lẹ́ẹ̀kan. Kò sáré ọ̀nà jíjìn kan. Ó kàn ń mú bọ́ọ̀lù. Nígbà tó ṣe, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín dákẹ́. Nígbà tó tún ṣe, ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Bàbá Fránkì wò yíká, ó ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i," ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Gbogbo pápá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Títí kan àwọn ará ìlú kejì.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ya. Mo rò pé ó máa sọ ọ̀rọ̀ ńlá kan. Ó ní, "Màámi, ebi ń pa mí."

Ó ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, títí orúnkún rẹ̀ fi ní ó tó. Mo mọ ohun tí ẹ ń retí báyìí. Ẹ ń retí kí n sọ pé ó padà lọ sí yunifásítì, ó di dókítà, Bàbá Tíṣà sì sunkún. Kò padà. Ó ní kò wu òun mọ́. Ọkọ̀ tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ilé ìwòsàn ló ń wà lọ́hùn-ún lónìí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí wọ́n ṣe ń mú bọ́ọ̀lù nínú òjò. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, ó ń tiro. Ó níyàwó, ó bímọ, ó ń sùn dáadáa. Mélòó nínú àwọn tó gboyè lẹ mọ̀ tó ń sùn dáadáa?

Ayé ìsinsìnyí ló wá ń ṣe mí ní kàyéfì. Táyọ̀, o mọ orúkọ gbogbo eléré tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. O mọ oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Gbogbo ọkùnrin Òmù-Àrán ló ń jáde lọ wo ọmọ ẹlòmíì lórí tẹlifíṣọ̀n ní Sátidé, wọ́n ń jà nítorí wọn. Tí ọmọ tinú ilé wọn bá wá ní òun fẹ́ sáré, wọ́n á ní kó jókòó. Ṣé ọmọ ẹlòmíì nìkan ni Ọlọ́run dá ẹsẹ̀ fún? Tí ọmọ yín bá sọ ohun tó fẹ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa bóyá ó lè ṣe é. Tó bá lè ṣe é, ẹ dìde lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ má jókòó sílé kẹ́ ẹ máa gbọ́ ìròyìn.

Mo ti sọ fún ìyá yín, mo ti sọ fún àwọn ẹbí tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń sọ fún ẹ̀yin náà kó wà nínú fóònù yìí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbé mi lọ, Délé ló máa ṣíwájú. Àkọ́bí mi ni. Kí dókítà tẹ̀ lé e, kí lọ́yà tẹ̀ lé e, kí gbogbo ẹbí tò sẹ́yìn rẹ̀ láti ilé yìí títí dé ibojì. Kí ẹnikẹ́ni má kù gìrì kọjá rẹ̀. Kí wọ́n rọra máa rìn. Kò lè sáré mọ́.